Ojú Ọmọ Yìí, Níbo Ló Ti Wá?



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò ti inú ìwé bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan, bí àwọn ènìyàn ti ń ká ẹní, arábìnrin kan dá mi dúró, ọmọ oṣù mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú ọmọ yìí." Mo wò ó. Ọmọ náà dúdú bí ìyá rẹ̀, irun orí rẹ̀ ta kókó bí irun orí gbogbo ọmọ wa, ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì dà bí ojú sánmà ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí n tó rí ohun tí n ó sọ, arábìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní àwọn kò bí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí ní ìdílé àwọn. Àbúrò ọkọ bèèrè bóyá òyìnbó kan wà níbi iṣẹ́ ìyàwó. Ọkọ fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù tìyá tọmọ, ó kó wọn padà sí ilé àwọn òbí ìyàwó, ó ní kí ó lọ sinmi díẹ̀.

Irú ìsinmi yìí, gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Mo ṣèlérí pé n ó lọ rí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ kàwé, kí n sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ojú ọmọ kan ṣoṣo yìí gùn ju bí mo ti rò lọ. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn dókítà kọjá, ó dé Gúúsù Áfíríkà, ó dé Amẹ́ríkà, ó dé Bùràsílì, ó tún padà wá sí Ìbàdàn níhìn-ín. Ibikíbi tí ènìyàn bá ti ń wo ara ọmọnìkejì rẹ̀ kí ó tó sọ irú ẹni tí ó jẹ́, ìbéèrè ìyá ọkọ yìí náà ni wọ́n ń bèèrè.

Ọmọ ràkúnmí tó jọ eérú

Irú ẹjọ́ yìí ti dé ọ̀dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) rí. Nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, Abu Hurayrah ròyìn pé ọkùnrin kan nínú ẹ̀yà Banu Fazarah wá bá a, ó ní ìyàwó òun bí ọmọkùnrin dúdú. Kò là á mọ́lẹ̀ pé òun kọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n bí ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ti fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn. Òjíṣẹ́ kò bá a wí, kò sì ránṣẹ́ pe ìyàwó wá jẹ́jọ́. Ó kàn bi í léèrè bóyá ó ní ràkúnmí. Ó ní òun ní. Ó bi í bí àwọ̀ wọn ti rí. Ó ní pupa ni wọ́n. Ó tún bi í bóyá èyí tó jọ eérú wà nínú wọn. Ó ní ó wà. Níbo wá ni ìyẹn ti wá? Ọkùnrin náà rò ó, ó ní ó lè jẹ́ pé iṣan kan láti ẹ̀yìn ló fà á. Òjíṣẹ́ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé iṣan kan náà ló fa ti ọmọ rẹ̀.

Ẹ wo bí ìdájọ́ náà ti rọrùn tó. Ọlọ́sìn ni ọkùnrin yìí. Ohun tó mọ̀ dájú nípa ẹran rẹ̀ ni kò fẹ́ gbà fún ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí ọmọ ràkúnmí aláwọ̀ eérú nínú agbo rẹ̀ kí ó máa fọ́nnu pé ìyá rẹ̀ ti ṣìnà. Àwọn onímọ̀ fiqh mú un jáde láti inú hàdíìsì yìí pé ìyàtọ̀ àwọ̀ nìkan kò tó láti fi kọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kò sì kéré lójú òfin: ẹni tó bá fi ẹ̀sùn sìná kan obìnrin mímọ́ láìní ẹlẹ́rìí mẹ́rin, ọgọ́rin kòbókò ni Suratun-Nur pa láṣẹ fún un ní ẹsẹ kẹrin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní tí ẹnu yín kì í kúrò lórí àyẹ̀wò DNA, ẹ gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fiqh ti Rábítà ní Mọ́káà jókòó lórí èyí náà ní 2002. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò náà nìkan lé ọmọ kúrò lọ́wọ́ bàbá tí wọ́n bí i sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀.

Àwa Yorùbá ní bí ọmọ kò jọ ṣòkòtò, a jọ kíjìpá. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò dé òpin ọ̀rọ̀. Ọmọ lè má jọ ṣòkòtò, kí ó má jọ kíjìpá, kí ó wá jọ aṣọ àgbà kan tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí láti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ti rántí mọ́.

Ìtàn kejì ni ti Usamah ọmọ Zayd. Zayd ọmọ Harithah, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹni tó mọ́ lára. Ìyá rẹ̀, Ummu Ayman, ará Habaṣa ni, ọmọ náà sì dúdú. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan, bàbá àti ọmọ sùn, wọ́n fi aṣọ bo orí, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló wà níta. Mujazziz ará Banu Mudlij, tí àwọn Lárúbáwá mọ̀ sí ẹni tó ń wo ara mọ ìdílé, ń kọjá lọ. Ó wo ẹsẹ̀ mẹ́rin náà, ó ní láti ara ẹsẹ̀ kan ni èkejì ti jáde. Aishah ròyìn pé nígbà tí Òjíṣẹ́ wọlé tọ òun wá, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, àwọ̀ ni wọ́n wò. Ẹni tó mọṣẹ́ kò fiyè sí àwọ̀ rárá, bí egungun ẹsẹ̀ ti rí ni ó wò.

Kí ló wà nínú ẹyinjú?

Ní àárín ẹyinjú, ihò dúdú kékeré kan wà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Òrùka tó yí ihò náà ká ni a máa ń wò nígbà tí a bá ń sọ pé ojú ẹnì kan dúdú tàbí ó mọ́. Ohun tó ń pa á láró ni melanin, òun kan náà tó ń kun awọ ara àti irun. Ìpele méjì ni òrùka yìí ní. Ìpele ẹ̀yìn dúdú lára gbogbo ènìyàn, òyìnbó tàbí Hausa, àfi àwọn àfín. Ìpele iwájú ni ìyàtọ̀ wà. Bí melanin bá pọ̀ níbẹ̀, ojú yóò dúdú tàbí kí ó ní àwọ̀ ilẹ̀. Bí ó bá kéré, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀ yóò fọ́n ká, èyí tó jẹ́ búlúù nínú rẹ̀ ni yóò sì padà síta. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù: kò sí aró búlúù kankan nínú ojú búlúù. Bí sánmà ti jẹ́ búlúù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kùn ún, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú náà rí.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nílé ìwé ni pé ojú dúdú máa ń borí ojú búlúù, àti pé olójú búlúù méjì kò lè bí olójú dúdú láéláé. Láti nǹkan bí 1907 ni àlàyé yẹn ti wà, kò sì tọ́ tán. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Copenhagen fi hàn pé nínú àwọn olójú búlúù tí wọ́n yẹ̀ wò, ìyípadà kékeré kan náà ló wà ní ibì kan náà nínú àbùdá wọn, bí ẹni pé ọ̀dọ̀ baba ńlá kan ni gbogbo wọn ti jogún rẹ̀. Ìyípadà náà kò pa aró náà rẹ́, ṣe ni ó dín in kù, bí ìgbà tí a bá yí iná àtùpà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ní 2021, wọ́n gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 195,000, wọ́n sì rí ibi tuntun 50 nínú àbùdá ènìyàn tó ń dá sí àwọ̀ ojú, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà olójú búlúù méjì lè bí olójú dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Iye ìyàwó tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ 1907 yẹn bà lórúkọ jẹ́ nílùú òyìnbó, Ọlọ́hun ló mọ̀ ọ́n.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ ni pé àwọ̀ ojú àti àwọ̀ ara kì í ṣe ẹrù kan náà tí a dì pọ̀. Ní 1903, wọ́n wú egungun ọkùnrin kan jáde nínú ihò àpáta ní Cheddar, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà ti kú láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá rẹ̀ wò tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2018, wọ́n ní ó jọ pé ara rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ sì mọ́ bíi ti olójú búlúù tàbí aláwọ̀ ewé. Ará Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni o! Bí ó bá wọ ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, wọn yóò bi í pé ìlú wo ló ti wá.

Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́, tí kò sí òyìnbó kankan nínú ìdílé wọn? Ní 1951, dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Dutch, Petrus Waardenburg, ṣe àlàyé àìsàn àbímọ́ kan tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pè. Ó wà káàkiri ayé, ó wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Nínú rẹ̀, melanin kì í dé àwọn ibi tó yẹ kí ó dé nígbà tí ọmọ wà nínú oyún. Ojú ọmọ lè mọ́ bí aró omi, tàbí kí ọ̀kan dúdú kí èkejì mọ́. Ìdì irun funfun lè wà níwájú orí, tàbí kí orí hewú kí ènìyàn tó pé ọgbọ̀n ọdún. Bí òbí kan bá ní in, ó ṣeé ṣe kí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n kì í hàn bákan náà lára gbogbo wọn: lára ẹnì kan ojú ni, lára òmíràn irun nìkan ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní in rí.

Ìdí tí mo fi gùn ún tó báyìí ni pé melanin kan náà wúlò nínú etí lọ́hùn-ún. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni kì í gbọ́ràn dáadáa ní etí kan tàbí méjèèjì. Bí a bá ti ń jà lórí ta ni bàbá ọmọ, oṣù tí ó yẹ kí ọmọ máa fi gbọ́ èdè ń lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán àgbo, ìtọ̀ tàbí omi ọyàn sí ojú náà pé kí ó lè dúdú. Ojú tó mọ́ kì í sábà dun ọmọ, àgbo ló lè fọ́ ọ.

Ọmọ tí ìjọba yí àwọ̀ rẹ̀ padà

Ìfura inú ilé kan kò ju ilé kan lọ. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ìjọba bá sọ ọ́ di òfin? Gúúsù Áfíríkà fún wa lésì.

Ní 1950, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun níbẹ̀ ṣe òfin pé kí wọ́n kọ orúkọ olúkúlùkù sílẹ̀ ní ẹ̀yà ẹ̀yà: funfun, dúdú, àti àwọn tí wọ́n pè ní Coloured, ìyẹn àwọn tí ìran wọn dàpọ̀. Ẹ̀yà tí wọ́n bá kọ sí ìwé ẹni ló ń sọ ibi tí ènìyàn yóò gbé, ilé ìwé tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ, ẹni tí yóò fẹ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti dá wọn lójú, òṣìṣẹ́ ìjọba a máa wo imú, a wo èékánná, a sì máa ki pẹ́ńsùlù bọ inú irun. Bí pẹ́ńsùlù bá jábọ́, ọ̀rọ̀ ti yanjú fún olúwa rẹ̀. Bí ó bá há, ó ti wọ gàù. Nítorí irun, ọmọ ìyá méjì lè wà ní ẹ̀yà méjì.

Ní 1955, tọkọtaya aláwọ̀ funfun kan ní agbègbè Piet Retief bí ọmọbìnrin kan, Sandra Laing. Funfun ni bàbá, funfun ni ìyá, funfun ni gbogbo òbí àgbà tí wọ́n mọ̀. Ara ọmọ náà sì rí bí ilẹ̀, irun rẹ̀ ta kókó. Àwọn òbí rẹ̀ fi í sí ilé ìwé àwọn funfun. Àwọn òbí ọmọ yòókù kò dákẹ́. Ní 1966, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọlọ́pàá wá mú un kúrò nílé ìwé náà, wọ́n gbé e padà sílé. Ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Coloured. Ẹ gbà mí láàyè kí n tún un sọ: òfin sọ pé ọmọ náà kò lè bá bàbá àti ìyá rẹ̀ gbé inú ilé kan náà mọ́ àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti lè rò ó, ìyá ọmọ náà ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Wọ́n ní ó ti bá ọkùnrin dúdú kan lò pọ̀. Bàbá Sandra ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èsì sì fi hàn pé òun lè jẹ́ bàbá rẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tó di 1967, wọ́n yí òfin padà pé ọmọ tí funfun méjì bá bí, funfun ni. Wọ́n bá tún kọ Sandra sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí funfun. Láàárín ọdún méjì, ìjọba ti yí ẹ̀yà ọmọ kan padà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ohun kan tó yí padà lára rẹ̀.

Kí ló fà á? Iṣan láti ẹ̀yìn ni. Àwọn tó kọ́kọ́ wá láti Yúróòpù sí ilẹ̀ náà ti ń bí ọmọ pẹ̀lú àwọn ẹrú àti àwọn onílẹ̀ láti ohun tó lé ní ọdún 300 sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń pe ara wọn ní funfun gedegbe ló ní ìyá ńlá dúdú tí wọn kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn Sandra kò parí síbẹ̀, n kò sì fẹ́ fi oyin bò ó. Àwọn funfun kò gbà á láàárín wọn rárá, òfin yówù kí ó wà. Kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ó bá ọkùnrin dúdú kan sá lọ. Bàbá rẹ̀, ọkùnrin kan náà tó lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí rẹ̀, kọ̀ ọ́ lọ́mọ títí ó fi kú. Ìwé Sandra sọ pé funfun ni, ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má bàa gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n sọ òun di Coloured padà. Ní 1991 ni wọ́n tó pa òfin 1950 náà rẹ́.

Bàbá yìí jà fún ọmọ rẹ̀ lórí pé funfun ni, kì í ṣe lórí pé àwọ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjà méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí a rò dáadáa.

Orúkọ mẹ́ta fún ọmọ kan

Ká sọ pé ọmọkùnrin kan wà, bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó. Bí ó bá balẹ̀ sí Amẹ́ríkà, dúdú ni. Níbẹ̀, àṣà tó wà láti ayé ẹrú ni pé ẹ̀jẹ̀ dúdú kán kan ti tó. Homer Plessy, tí ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní 1896 nítorí pé ó jókòó níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn funfun nínú rélùwéè, ẹnì kan péré nínú àwọn òbí àgbà mẹ́jọ tí ìran rẹ̀ ti wá ni ó jẹ́ dúdú. Ó pàdánù ẹjọ́ náà. Ìpínlẹ̀ Virginia ṣe òfin ní 1924 tó ka ènìyàn sí funfun kìkì bí kò bá sí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ mìíràn lára rẹ̀, ó sì ka ìgbéyàwó funfun àti dúdú léèwọ̀. Ní 1967 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó fa irú òfin ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ya. Nínú ìkànìyàn wọn, ọdún 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ènìyàn láàyè láti mú ju ẹ̀yà kan lọ. Ṣùgbọ́n ní 2010, Ààrẹ Obama, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ funfun, dúdú nìkan ló mú. Ó wo bí ayé ti ń wo òun, ó sì yan ibẹ̀.

Bí ọmọkùnrin wa bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Bùràsílì, ó lè di pardo, aláwọ̀ àárín. Lọ́hùn-ún, bí ènìyàn ti rí lójú ni wọ́n ń wò ju ẹni tó bí i lọ. Ní 1976, nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ènìyàn fi ẹnu ara wọn sọ àwọ̀ wọn, orúkọ àwọ̀ tó lé ní 130 ni wọ́n dá. Ní ìkànìyàn 2022, pardo ló pọ̀ jù, 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2007, ìbejì méjì tó jọra bí imú àti imú wá àyè sí Yunifásítì Brasília lábẹ́ ètò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú. Ìgbìmọ̀ wo fọ́tò wọn. Wọ́n ní dúdú ni ọ̀kan, wọ́n ní èkejì kì í ṣe dúdú! Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn lọ, wọ́n gba àwọn méjèèjì sínú ètò náà.

Bí ó bá wá padà sí Èkó ńkọ́? Òyìnbó ni àwọn ọmọdé àdúgbò yóò máa pè é, tàbí àfíkáàsì, orúkọ tí n kò fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan bá pè é, ìbéèrè tí yóò bi í ni "ọmọ ta ni ẹ́?", bí ó bá sì dárúkọ bàbá rẹ̀ àti ilé wọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ọmọ wa ni. Ara kan náà ni o, ojú kan náà, ìran kan náà. Pápákọ̀ òfuurufú mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀yà wà bí àwọn kan ti ń wí, kò yẹ kí ó máa yí padà bí ìwé ìrìnnà.

Bí mo ti dárúkọ Bùràsílì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ní January 1835, tó bọ́ sí ìparí oṣù Rámàdáánì, àwọn ẹrú àti òmìnira tó jẹ́ Mùsùlùmí dìde ogun ní Salvador, ní Bahia. Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nagô níbẹ̀, ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn dúdú tí wọ́n bí sí Bùràsílì kò bá wọn dìde, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ àárín kò bá wọn dìde. Èdè àti ẹ̀sìn ló so àwọn tó dìde pọ̀.

Olójú búlúù ní Mọ́káà

Ní April 1968, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n pa Martin Luther King, Jane Elliott, olùkọ́ ní ìlú kékeré Riceville ní Iowa, kò mọ bí òun yóò ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, tí gbogbo wọn jẹ́ funfun. Ó pín wọn sí méjì nípa àwọ̀ ojú. Ó sọ fún wọn pé apá kan gbọ́n ju èkejì lọ, ó so aṣọ mọ́ àwọn tó rẹlẹ̀ lọ́rùn, ó fún àwọn yòókù ní àyè ìṣeré púpọ̀. Kó tó di ọ̀sán, àwọn tó gbé ga ti ń gbéraga, ọwọ́ àwọn yòókù sì ti rọ lẹ́nu iṣẹ́ kíláàsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún wá, ó yí i padà, ó sì rí bákan náà. Èmi kò ní fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi dán irú rẹ̀ wò. Síbẹ̀, ó fi hàn pé bí ọ̀gá bá ti fọwọ́ sí i, wákàtí díẹ̀ ti tó láti sọ àwọ̀ ojú di ẹ̀yà.

Malcolm X mọ̀ nípa èyí ju ọ̀pọ̀ lọ. Irun rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ mọ́, nítorí pé òyìnbó kan ni bàbá ìyá rẹ̀, ó sì kórìíra ẹ̀jẹ̀ yẹn lára ara rẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ló fi ń wàásù nínú ẹgbẹ́ Elijah Muhammad pé èṣù olójú búlúù ni àwọn funfun. Ní April 1964, ó lọ sí hájì. Lẹ́tà tó kọ sílé láti Mọ́káà sọ pé òun bá àwọn Mùsùlùmí tí ojú wọn jẹ́ búlúù, tí ara wọn funfun, jẹun nínú abọ́ kan, òun sì bá wọn kírun pọ̀. Kò sọ pé ìyà tí àwọn dúdú ń jẹ ní Amẹ́ríkà ti tán. Títí wọ́n fi pa á ní February 1965 ló ń bá ìyẹn jà. Ohun tó jù nù ni pé àwọ̀ ojú lè sọ ohun tó wà nínú ọkàn. Oṣù tó tẹ̀lé hájì náà ló dé Ìbàdàn, ó sọ̀rọ̀ ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, M.S.S. tí ọ̀pọ̀ nínú yín wà nínú rẹ̀, sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀: Ọmọ́wálé. Wọn kò bi í pé ìdá mélòó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti ibí lọ.

Ilé ọkọ

Mo lọ rí ọkọ arábìnrin náà ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì. Ó gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo sọ ìtàn ràkúnmí náà fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ń họ orí. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ìdì irun kan tó fẹ̀ bí ẹyọ owó funfun níwájú orí rẹ̀.

Mo ní, "Ọmọ ìyá mi, ìgbà wo ni eléyìí ti wà?"

Ó ní, "Àfáà, wọ́n bí mi mọ́ ọn ni. Mo sábà máa ń fá orí ni kò fi hàn."

Ìyá rẹ̀ dá sí i láti inú yàrá pé kì í ṣe nǹkan bàbàrà, orí òun náà ti hewú kí òun tó bí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí nílé àwọn. Mo dákẹ́ díẹ̀. Mo wá bi màmá pé ṣé wọn kò mọ ẹnikẹ́ni nílé wọn tí ojú rẹ̀ yàtọ̀. Wọn kò dáhùn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọn yóò sọ̀rọ̀, wọ́n jáde wá jókòó. Wọ́n ní àbúrò ìyá àwọn kan wà ní oko, ojú rẹ̀ ọ̀kan dúdú, ọ̀kan dà bíi ti ológbò. Bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn. Odi ni gbogbo ilé ń pè é. Kò rí ọkọ fẹ́ títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màmá fúnra wọn ló lọ mú ìyàwó wálé, àwọn ló pọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Etí ọ̀tún ọmọ náà ń gbọ́ dáadáa. Ti òsì kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n sì máa bá a sọ̀rọ̀ láti apá ọ̀tún.